Orí Keje: Kí Ló Dé Tí Ara Fi Ń Móoru Bí A Ṣe Ń Gun Òkè?

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá la kúrò ní Gatlinburg, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà. Ìparí oṣù kẹwàá ni, ìgbà ìwọ́wé, àsìkò tí ewé ń pọ́n lórí igi kó tó já bọ́. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ rárá, torí pé lágbègbè yẹn, lásìkò yẹn, ó máa ń kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù kí oòrùn tó yọ. Àbúrò mi ló wakọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó sẹ́yìn, ó fi kúbùsù wé ara bí ẹ̀kọ inú ewé.

Igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Great Smoky Mountains là ń lọ. Ọdún 1934 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá a sílẹ̀ láàárín Tennessee àti North Carolina, kò sì sí igbó ọba mìíràn ní orílẹ̀-èdè náà tí èrò ń wọ́ lọ tó o: lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, ìbẹ̀wò tó ń wọbẹ̀ ju mílíọ̀nù 12 lọ lọ́dún. Ọ̀nà ọ̀dà tó la òkè náà já láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì ni Newfound Gap Road. Ó gùn tó nǹkan bí 50 kìlómítà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní àfonífojì, ó ń lọ́ bí ejò títí dé ibi tí òkè ti ya ẹnu díẹ̀, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 1,538 mítà sókè òkun, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú Cherokee lódì kejì.

Ní Sugarlands, níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò igbó náà, kùrukùru bo títì débi pé ìlà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nìkan la rí. Àbúrò mi tan iná ńlá ọkọ̀, gbogbo iwájú wa sì di funfun báláú bí ẹni ta aṣọ sójú wa. Ó yára rẹ iná náà sílẹ̀. Lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, nọ́ńbà kan wà tó ń sọ bí ìta ṣe tutù sí. Àbúrò mi ti yí i sí Celsius nítorí mi. Ó fi 2 hàn.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nọ́ńbà náà di 4. Lẹ́yìn kọ́nà mélòó kan, ó di 7. Kùrukùru ń fẹ́lẹ́ sí i, ẹ̀ka igi bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, àwọn ewé pupa àti ewé aláwọ̀ ìyeyè bíi ti ọsàn tó pọ́n. Lẹ́ẹ̀kan náà la yọ síta. Ojú ọ̀run mọ́ kedere lókè wa, ìràwọ̀ kan ṣì kù níbẹ̀. Lẹ́yìn wa, nísàlẹ̀, gbogbo àfonífojì kún fún nǹkan funfun tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ògì tó ti sìlẹ̀ nínú agbada. Nọ́ńbà náà kà 9.

Ọmọ náà ti na ọrùn síwájú. "Bàbá," ó ní, "òkè là ń gùn, kí ló dé tí nọ́ńbà yẹn ń pọ̀ sí i? Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Kò bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ń kọ̀wé, ẹ bá mi dá a lóhùn."

Mo bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn náà nínú ọkọ̀. Ìyókù rẹ̀ nìyí.

Ìbéèrè tó dára ni, torí ohun tí ọmọ náà rí lòdì sí ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ nílé ìwé. Ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wa ni pé bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè ni ara ń tutù. Òótọ́ sì ni: lọ́jọ́ lásán, bí a bá gun 1,000 mítà, òtútù fi nǹkan bíi dígírì 6 tàbí 7 lé sí i. Láti Sugarlands dé ibi tí òkè ti ya ẹnu ju 1,000 mítà lọ. Tí ìsàlẹ̀ bá wà ní 2, ó yẹ kí òkè ti wà lábẹ́ òdo, kí omi ti máa dì lójú ọ̀nà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la bá a.

Ká tó mọ ìdí tí nǹkan fi yí padà, ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oòrùn ló ń mú afẹ́fẹ́ gbóná. Díẹ̀ ni ti oòrùn níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá bó ṣe ń gba inú gíláàsì fèrèsé kọjá, ilẹ̀ ló ń bà lé. Ilẹ̀ ló ń gbóná, tí ó sì ń mú afẹ́fẹ́ tó fara kàn án gbóná. Afẹ́fẹ́ tó gbóná fúyẹ́, ó ń gòkè. Bó ṣe ń gòkè ló ń fẹ̀, bó ṣe ń fẹ̀ ló sì ń tutù. Nítorí náà, ilẹ̀ ni ààrò, afẹ́fẹ́ ni àwọn tó ń yáná. Ẹni tó súnmọ́ ààrò ni ara rẹ̀ yá jù, ẹni tó jìnnà sí i ni òtútù ń mú.

Tó bá wá di alẹ́ ńkọ́? Iná ààrò kú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju pé iná kú lọ, torí ààrò yìí kì í dúró sójú kan. Ó tún ń tutù kọjá àwọn tó yí i ká.

Ẹ yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná mànàmáná, kí ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ kó kàn án. Irin náà kò pọ́n, kò tàn, síbẹ̀ ooru ń lù yín lọ́wọ́. Ohun tó ń jáde lára rẹ̀ ni mo ń pè ní ìtànṣán ooru: ọmọ ìyá ìmọ́lẹ̀ ni, ojú wa ni kò lè rí i. Kì í ṣe irin gbígbóná nìkan ló ń tú u jáde. Òkúta ń tú u, ewé ń tú u, òrùlé ọkọ̀ ń tú u, èmi àti ẹ̀yin náà ń tú u, tọ̀sán-tòru. Lọ́sàn-án, ohun tí ilẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ oòrùn ju ohun tó ń ná lọ. Lóru, ó ń ná nìkan ni. Ooru rẹ̀ ń bá ojú ọ̀run lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń padà wá.

Àwọsánmà ló lè dá a padà. Bí àwọsánmà bá bo ojú ọ̀run lóru, òun náà ń tú ìtànṣán ooru padà sí ilẹ̀, bí kúbùsù tó wà lára ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ wa. Oru omi tí ojú kò rí nínú afẹ́fẹ́ náà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà níwọ̀nba. Ìdí nìyí tí òru ọyẹ́ fi ń mú nílẹ̀ wa, tí ọ̀sán rẹ̀ sì ń gbóná janjan: afẹ́fẹ́ ti gbẹ, àwọsánmà kò sí, ilẹ̀ sùn láìda aṣọ bora. Òru tó ṣáájú ìrìn wa náà rí bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run, atẹ́gùn kò fẹ́ rárá.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí lélẹ̀ yékéyéké ni dókítà kan tó ń jẹ́ William Charles Wells. Charleston ní South Carolina ni wọ́n bí i sí ní 1757, ṣùgbọ́n London ló ti ṣiṣẹ́ ìṣègùn, ibẹ̀ ló sì ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìrì jáde ní 1814. Lákòókò rẹ̀, àwọn kan ní láti ojú ọ̀run ni ìrì ti ń rọ̀ bí òjò, àwọn mìíràn ní inú ilẹ̀ ló ti ń gòkè wá. Wells gbé pákó kan dúró nínú ọgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi ìdì irun àgùntàn kan sórí rẹ̀, ó so òmíràn tí ìwọ̀n wọn dọ́gba mọ́ abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn òru, ó wọ̀n wọ́n. Èyí tó wà lókè, tó dojú kọ ọ̀run, ló gba omi jù, ó ju ti abẹ́ lọ fíìfíì. Ó tún fi ẹ̀rọ ìwọn-ooru sáàárín koríko, ó sì rí i pé lóru tí ojú ọ̀run mọ́, koríko ń tutù ju afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀ lọ. Òtútù yẹn ló ṣáájú, ìrì ló tẹ̀ lé e: ohun tó dojú kọ ọ̀run ń ná ooru rẹ̀, ó ń tutù, oru omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ wá ń di omi lára rẹ̀. Inú mi máa ń dùn pé èdè wa ti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. Òjò ń rọ̀. Ìrì ń sẹ̀.

Ní báyìí, ilẹ̀ ti tutù. Afẹ́fẹ́ tó fara kàn án ti tutù pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, òtútù náà yóò dúró síbi tó wà. Ṣùgbọ́n orí òkè la wà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀ ibẹ̀, ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí.

Ẹni tó bá ti dúró láìwọ bàtà níwájú fíríìjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹsẹ̀ ni òtútù ń kọ́kọ́ bà, kì í ṣe ojú. Fíríìsà onídérí, èyí tí àwọn ìyá olómi tútù ń lò, wọ́n lè ṣí ìdérí rẹ̀ kí òtútù má sì fi bẹ́ẹ̀ jáde, torí inú rẹ̀ ló jókòó sí bí omi nínú ìkòkò. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ. Tó bá rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò ṣàn.

Mo ń pè é ní àgbàrá òtútù. Bí òjò bá rọ̀ sórí òkè, omi ń wá ojú ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn; ó ń ti ibi kéékèèké kó ara jọ, ó ń wọ kòtò, kòtò ń wọ odò, odò ń wọ àfonífojì. Ohun tí afẹ́fẹ́ tútù ń ṣe ní gbogbo òru nìyẹn. Kò ní ariwo, kò sì yára, ìrìn rẹ̀ kò sábà ju ìrìn ẹsẹ̀ ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n kò dúró láti ìrọ̀lẹ́ títí dé òwúrọ̀. Òkè Great Smoky ní ẹ̀gbẹ́ tó pọ̀, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń da tirẹ̀ sísàlẹ̀. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, àfonífojì ti kún. Bí ẹ bá ń rin ọ̀nà òkè lálẹ́ tí fèrèsé ọkọ̀ sì ṣí, tí ẹ bá sọdá ojú odò kékeré kan, ẹ óò rí i tí òtútù á kàn fọwọ́ bà yín lójú, tí yóò sì tún lọ. Ẹ ti la àgbàrá náà kọjá nìyẹn.

Ètò tí a mọ̀ wá dojú dé. Òtútù tó yẹ kó wà lókè ti wà nísàlẹ̀, ìlọ́wọ́ọ́wọ́ ti wà lókè rẹ̀. Ìdojúdé ooru ni orúkọ tí mo fẹ́ ká máa pè é. Kò sì gòkè lọ títí. Bí a ṣe jókòó sínú ọkọ̀ náà, 9 yẹn ló ga jù tí nọ́ńbà náà dé. Nígbà tí a fi máa dé ibi tí òkè ti ya ẹnu, ó ti padà sí 6. Ohun tó fa èyí ni pé adágún òtútù ní ìwọ̀n ibi tó jìn dé. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ara ń tutù. Bí a bá ti yọrí kúrò nínú rẹ̀, a bọ́ sí ibi tó móoru jù. Bí a bá tún ń lọ sókè láti ibẹ̀, ètò àtijọ́ padà sípò, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀.

Ibi tó móoru jù yẹn wé òkè náà láàárín, bí ọ̀já ṣe ń wé ìyá tó pọnmọ. Àwọn àgbẹ̀ North Carolina ti mọ ọ̀já ooru yìí tipẹ́. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àgbẹ̀ kan tó ń gbin ápù, Silas McDowell, kọ̀wé nípa rẹ̀: bí òtútù dídì bá pa ewé nísàlẹ̀ àfonífojì, ewé ṣì máa ń tutù yọ̀yọ̀ ní ojú ìlà kan lára òkè, ìlà náà sì máa ń hàn kedere lójú ẹni tó bá dúró sí ọ̀ọ́kán. Igi eléso tí wọ́n gbìn sínú ọ̀já náà ń yè lọ́dún tí ti ìsàlẹ̀ kú. Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́ gbé ẹ̀rọ ìwọn-ooru ka ara àwọn òkè náà fún ọdún mélòó kan, Henry J. Cox sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1923. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ti ń sọ ni ẹ̀rọ náà sọ.

Mo sọ èyí fún ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó ronú díẹ̀. "Funfun yẹn ńkọ́?"

Funfun yẹn ni òǹtẹ̀ tí àgbàrá òtútù fi ń hàn sójú wa.

Gbogbo afẹ́fẹ́ ló ní oru omi nínú, ìwọ̀n tó lè gbà ló yàtọ̀. Ẹ fọkàn ya àpótí kan tó ga ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan. Tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá wà ní dígírì 20, ó lè gba oru omi tó nǹkan bíi gíráàmù 17. Ní dígírì 10, kò gbà ju 9 àti díẹ̀ lọ. Ní òdo, kò pé 5. Bí apẹ̀rẹ̀ tó ń súnkì ló rí: ẹrù inú rẹ̀ kò dín, apẹ̀rẹ̀ ló ń kéré sí i, títí yóò fi di pé ẹrù ń dà sílẹ̀. Ìwọ̀n òtútù tí ẹrù ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà yìí ni ààlà ìrì. Ike omi tútù tó ń làágùn lórí tábìlì yín kò jò. Afẹ́fẹ́ tó kàn án ló ti kọjá ààlà ìrì, tó da ẹrù rẹ̀ sí i lára.

Lára ike, lára koríko, oru omi rí ibi bà lé. Nínú òfuurufú, kí ni yóò bà lé? Nǹkan kékeré tó ń fò kiri ni: eruku, èéfín, iyọ̀ òkun, àwọn nǹkan wínníwínní tí igi ń mí síta. John Aitken, ará Scotland, fi hàn ní 1880 pé bí a bá sẹ́ gbogbo eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́, kùrukùru kì í yọ nínú rẹ̀, bó ti wù kó kún fún oru omi tó. Paul-Jean Coulier ní Faransé ti kíyè sí ohun kan náà ní ọdún márùn-ún ṣáájú. Irúgbìn kùrukùru ni mo ń pe àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ohun funfun tí ọmọ náà ń nawọ́ sí ní irúgbìn tirẹ̀ láàárín.

Ẹ̀kán náà kéré. Ẹ tò ó ní márùn-ún, wọn kò ju fífẹ̀ irun orí kan lọ. Wọ́n fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan tàbí kó má tó o láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ló jẹ́ kí ó dà bíi pé wọ́n rọ̀ sójú òfuurufú. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí omi inú wọn ṣe kéré tó. Bí kùrukùru tó nípọn níwọ̀nba bá kún yàrá tó gùn ní mítà mẹ́rin, tó fẹ̀ ní mítà mẹ́rin, tó ga ní mítà mẹ́ta, tí ẹ sì fún gbogbo omi inú rẹ̀ jọ, kò ju ṣíbí tíì kan lọ. Ṣíbí tíì kan ló fẹ́ ti ọkọ̀ wa sínú kòtò! Odindi ẹfun kan lórí tábìlì kò dí ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná kí ẹ fẹ́ ẹ sínú yàrá, kò sẹ́ni tí yóò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tan iná ńlá ọkọ̀ sínú rẹ̀, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ń da ìmọ́lẹ̀ padà sójú awakọ̀. Iná tí a rẹ̀ sílẹ̀ ń gba ìsàlẹ̀ lọ sójú títì. Ẹni tó bá ń wakọ̀ nínú kùrukùru, kó má ṣe tan iná ńlá.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ìgbà ìwọ́wé? Òru ibẹ̀ lásìkò yẹn gùn. Nílẹ̀ Yorùbá, ìyàtọ̀ òru oṣù kẹfà sí ti oṣù kejìlá kò tó wákàtí kan. Ní Great Smoky, òru ìparí oṣù kẹwàá ju wákàtí 13 lọ, ti oṣù kẹfà kò pé 10. Àgbàrá òtútù rí àyè ṣàn dáadáa. Lẹ́yìn náà, odò àti ilẹ̀ ṣì rántí ooru ẹ̀ẹ̀rùn wọn, omi ń gbé oru sókè sínú afẹ́fẹ́ tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá a. Igbó náà sì kún fún omi: orí àwọn òkè rẹ̀ ń rí òjò tó ju 2,000 mílímítà lọ lọ́dún.

Kùrukùru yìí kọ́ ni wọ́n fi sọ òkè náà ní Smoky, ìyẹn olóèéfín, o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àlejò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn Cherokee, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, ń pè é ní ibi èéfín aláwọ̀ aró. Èéfín yẹn kì í ṣe omi funfun. Igi ló ń tú òórùn ara rẹ̀ síta, irú èyí tí ẹ ń gbọ́ tí ẹ bá já ewé efinrin. Àwọn òórùn náà ń di ègé wínníwínní nínú afẹ́fẹ́, wọ́n kéré sí ẹ̀kán kùrukùru lọ́nà tó pọ̀, kíkéré wọn ló sì jẹ́ kí wọ́n máa fọ́n ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró ká ju pupa lọ. Òkè tó jìnnà wá máa ń rí bí aṣọ tí wọ́n rì sínú aró lẹ́ẹ̀kan péré, ohun tí àwọn aláró wa ń pè ní àyìnrín. Òkè tó ga jù níbẹ̀, tó jẹ́ 2,025 mítà, ti gba orúkọ Cherokee rẹ̀ padà ní 2024: Kuwohi. Inú mi dùn sí èyí.

Ní ibi tí òkè ti ya ẹnu, a sọ̀ kalẹ̀. Pèpéle olókùúta kan wà níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ ní Tennessee, ìdajì ní North Carolina, níbi tí Ààrẹ Franklin Roosevelt ti ya igbó náà sí mímọ́ fún ará ìlú ní 1940. Oòrùn yọ láti apá àfonífojì Oconaluftee ní North Carolina. Kùrukùru tó wà nísàlẹ̀ pọ́n lójú, orí àwọn òkè kéékèèké yọ sókè nínú rẹ̀ bí erékùṣù. Ọmọ náà tú kúbùsù kúrò lára.

Mo ní kó máa wo etí rẹ̀, kó má wo àárín. Ojú kùrukùru ń da ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ padà sókè, ìwọ̀nba tó já dé ilẹ̀ nísàlẹ̀ ló ń tún ààrò dá. Etí ni kùrukùru ti fẹ́lẹ́ jù, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń kọ́kọ́ móoru, ibẹ̀ ni ẹ̀kán omi ti ń kọ́kọ́ padà di oru tí ojú kò rí. Adágún funfun náà ń sún sẹ́yìn láti ẹ̀gbẹ́ òkè, ó ń ya, ó ń di òkìtì òkìtì. Kó tó di aago mẹ́wàá, a ti rí igi ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, torí kò bá ojú ọjọ́ mu. Ojú kùrukùru tó tẹ́ bí ògì yẹn, kí ló tẹ́ ẹ? Ìdojúdé ooru ni. Afẹ́fẹ́ tútù tó wúwo kò lè gòkè wọ inú èyí tó móoru tó sì fúyẹ́. Ìdérí ló wà lórí àfonífojì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò rí i. Ohunkóhun tí a bá tú sínú afẹ́fẹ́ lábẹ́ ìdérí yìí, abẹ́ rẹ̀ ni yóò wà.

Ní ìlú Donora, ní Pennsylvania, nínú àfonífojì odò Monongahela, ìdérí yìí bo ìlú ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1948. Ilé iṣẹ́ irin wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ síńkì wà níbẹ̀, èéfín wọn kò sì dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ mìíràn, èéfín náà ìbá ti gòkè lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ń kó jọ sínú kùrukùru lójúmọ́ kan, lójúmọ́ kejì, títí ó fi lé ní ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn ènìyàn kò kọ́kọ́ fura, torí kùrukùru ìgbà ìwọ́wé kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wọn. Ènìyàn 20 kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣàìsàn, òjò ló tó tú ìdérí náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1952, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní London, ọjọ́ márùn-ún ló fi wà níbẹ̀, àwọn tó kú kò dín ní 4,000. Àwọn tó ti ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró àti ti ọkàn ló kú jù, àti àwọn àgbàlagbà.

Nílẹ̀ wa, ìdérí yìí ń wà lórí ilé wa ní òwúrọ̀ ọyẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òkè ńlá tó yí wa ká. Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ wo èéfín ilé ìdáná láàárọ̀ kùtù: yóò gòkè díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò tẹ́, yóò máa nà lọ gbọọrọ lókè òrùlé bí aṣọ tí wọ́n sá. Ibi tó ti tẹ́ yẹn ni ìdérí wà. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣáná sí pàǹtí ẹ̀yìnkùlé, ike àti ọ̀rá, torí pé ará àdúgbò kò tíì jí, atẹ́gùn kò sì fẹ́. Àìfẹ́ atẹ́gùn yẹn ni ewu rẹ̀. Ọmọ tó ní ikọ́ fée tó ń sùn nínú yàrá kejì ni yóò fa gbogbo rẹ̀ símú.

Mo bẹ̀ yín, tí ẹ bá rí èéfín tó tẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe dáná sun ohunkóhun, kí ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé. Ike àti ọ̀rá, ẹ kó wọn fún akólẹ̀. Kò sí wákàtí tí èéfín wọn dára fún ẹnikẹ́ni. Ti ewé gbígbẹ, tó bá di dandan kí ẹ sun ún, ẹ jẹ́ kí oòrùn kọ́kọ́ tún ààrò dá: ó kéré tán, kí aago mẹ́wàá lù.